Òfin Ìtọ́jú Bárakú: Ọmọ Ìkálẹ̀, Ẹ Dìde

Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀ nílé lóko, ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2015 ní Òde-Ìrèlè. Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ ènìyàn. Ojú wá ń ṣe bàìbàì, kò pẹ́, ojú fọ́ pátápátá, ẹni náà sì dákú lọ gbári. Ó kéré tán, ènìyàn 17 ló kú bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìlú ní òrìṣà Málòkun ló ń bínú, pé àwọn kan wọ ojúbọ rẹ̀ lọ jí nǹkan. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, òrìṣà kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, ọtí olóró tí iléeṣẹ́ ń lò fún ọ̀dà àti kẹ́míkà. Inú ògógóró tí wọ́n mu ló wà.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, lẹ́yìn tí irú ikú yìí ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers náà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró. Ẹ sọ fún mi, ta ló jáwọ́? Òyìnbó amúnisìn ti fi ọlọ́pàá lé àwọn bàbá wa wọ inú àbàtà torí ògógóró yìí kan náà, síbẹ̀ dírọ́ọ̀mù kò kúrò lórí iná. Mi ò sọ pé kí a lọ fọ́ dírọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni. Ògógóró ti rán ọmọ níléèwé ní ilẹ̀ yìí, ó ti fẹ́ ìyàwó, ó ti sin òkú, kò sì sí ètùtù tí a ṣe tí a kò ta á sílẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn gbogbo òkú yẹn, òfin ìdènà la rí, a kò rí òfin ìtọ́jú. Kì í kúkú ṣe gbogbo àwọn tó kú ni ọmùtí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmùtí tó ṣẹ́ kù ńkọ́, àwọn tí ẹ̀rù bà lọ́dún náà, tí wọ́n fẹ́ fi í sílẹ̀? Ilẹ̀kùn ta ni wọ́n ì bá kàn?

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ògógóró nìkan. Ẹ dúró ní gáréèjì Òkìtìpupa láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ dáadáa, kí ẹ ka ọ̀rá ọtí sáṣẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀. Láti ọdún 2018 ni NAFDAC àti àwọn tó ń pọn ọtí náà ti jọ fọwọ́ sí i pé yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìfòfindè ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn aṣòfin ní kí wọ́n fara balẹ̀, wọ́n tún sún un di ìparí 2025. Tramadol ńkọ́? Kódíìnì, igbó, kólòs? Ìwádìí tí àjọ UNODC àti àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa ṣe fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo òògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, ọtí àti tábà kò sì sí nínú rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ẹnì kan nínú méje láàárín àwọn tó wà ní ọdún 15 sí 64. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù tiwa, ó lé ní ẹnì kan nínú márùn-ún. Nínú ènìyàn márùn-ún tó ń lò ó, ó ti di àìsàn sí ẹnì kan lára. Ọdún 2018 nìyẹn o.

Bárakú la ń pè é, a sì mọ̀ pé bárakú kì í gbọ́ ìbáwí. Síbẹ̀ ìbáwí nìkan la ní nílé. Ìyá tó ń ta púpurú lọ́jà yóò kọ́kọ́ gbààwẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ààwẹ̀ kò ràn án, yóò gbé e lọ sórí òkè àdúrà, wọn yóò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ igi. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ọmùtí paraku tí a dè mọ́lẹ̀, tí a sì gba ọtí lẹ́nu rẹ̀ lójijì, gbígbọ̀n lè mú un, gìrì lè gbé e, ó sì lè gbabẹ̀ kú. Dókítà ní oògùn tí wọ́n fi ń mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìyá náà bá wá rí owó, Àkúrẹ́ ni yóò gbé ọmọ lọ, tàbí Aró ní Abẹ́òkúta. Wọn yóò tọ́jú rẹ̀, yóò sanra, yóò padà wálé sí oríta kan náà, sáàárín ọ̀rẹ́ kan náà, láìsí nọ́ọ̀sì kan tó ń béèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́ta, ó ti padà sídìí ẹ̀. Owó ìyá ti tán.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pè yín. Ẹ jẹ́ ká béèrè òfin lọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Oǹdó, òfin tí owó wà nínú rẹ̀: ibùsùn fún ìtọ́jú bárakú ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Òkìtìpupa, nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ibùdó ìlera wọ́ọ̀dù, owó fún ẹ̀kọ́ ìdènà níléèwé kí ọmọ tó tọ́ ọ wò, àti ìṣirò tí wọn yóò kà sí wa létí lọ́dọọdún.

Wọn yóò sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òògùn olóró, Àbújá ló ni ín. Ẹ má gbà. Lóòótọ́, ìlà 21 nínú àkójọ iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, kan oògùn àti májèlé. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti ní kí ìpínlẹ̀ má wo aláìsàn rẹ̀ sàn. Ẹ má sì dúró de Àbújá. Ní oṣù keje ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu kọ̀ láti fọwọ́ sí àtúnṣe òfin NDLEA tí ì bá jẹ́ kí àjọ náà mú nínú owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn òògùn olóró. Ó ní inú àpò ìjọba ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Ó lè jàre. Ọmọ tiwa ṣáà wà lórí ẹní.

Ibo ni owó yóò ti wá? Oṣù karùn-ún ọdún 2019, Gómìnà Rótìmí Akérédolú àti ọ̀gá NDLEA ìgbà náà lọ sí Thailand. Igbó ni wọ́n lọ wò, bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún oògùn. Mi ò bá olóògbé jà, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí a kọ́ níbẹ̀ kò sí lóko igbó. Láti ọdún 2001 ni òfin Thailand ti ní kí ẹni tó ń san owó orí lórí ọtí àti tábà fi báàtì méjì, owó tiwọn, lé ọgọ́rùn-ún tó bá san, kí owó náà lọ tààrà sí àjọ tó ń rí sí ìlera, kí ó má dúró de àánú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Owó orí iléeṣẹ́ ọtí kò sí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ níbí. Owó ìwé àṣẹ ọtí títà wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní tiwa. Kí òfin bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ìpínlẹ̀ fi tirẹ̀ kún un.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kò lè yá. Oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, òfin rẹ̀ ti jáde ní Àkúrẹ́, gómìnà ti buwọ́ lù ú. Nítorí pé gbogbo ilé ń pariwo ni.

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ má dá gba àlejò aṣòfin láìbi í léèrè. Ẹ̀yin olùṣọ́ àti ìmáàmù, ẹ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ fún òfin yìí sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìjọsìn. Ẹ̀yin ìyá ọjà, ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ OAUSTECH, ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin tó ń pọn ògógóró, ẹ wá síwájú, nítorí ẹni tó da májèlé sínú ọtí ba orúkọ yín jẹ́. Ẹni tó bá sì nílò ìrànlọ́wọ́ lónìí, kó pe NDLEA lórí 0800 1020 3040, ọ̀fẹ́ ni.

Aṣòfin 26 ló wà ní Àkúrẹ́. Méjì ti Òkìtìpupa wá, ọ̀kan ti Ìrèlè. Bí àwọn ará Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò bá bá wa dá sí i, ó di mẹ́fà, ọmọ Ìlàjẹ sì ni Gómìnà Aiyedatiwa. Àwọn mẹ́ta tiwa ní ilé níbí, a mọ ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó padà sí Àkúrẹ́.