Ta Ni Ó Ni Ìbò?

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè fi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, àwọn kan ti mú àbá wá pé kí á yí òfin padà. Wọ́n ní kí ó má jẹ́ ẹnì kan ìbò kan mọ́, kí ìbò máa tẹ̀lé iye owó tí oníkálùkù fi pamọ́. Wọ́n tún ní kí èrè ọdún pọ̀ sí i fún àwọn tí owó wọn pọ̀, kí ti àwọn tí ń yá owó ṣòwò dínkù. Arákùnrin ọ̀dọ́ kan tí ó mọ ọ̀nà kọ̀ǹpútà dáadáa ni ó gbèjà àbá náà jù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nínú owó kírípítò, ibẹ̀ sì ni ayé ń lọ. N kò bínú sí i. Ọ̀dọ́ tí ó ń ronú nípa owó ẹgbẹ́ sàn ju èyí tí ó ń sùn nínú ìpàdé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ti dárúkọ kírípítò, ẹ jẹ́ kí á bá a dé ibẹ̀.

Ọdún 2016 ni Ned Scott àti Dan Larimer dá Steem sílẹ̀. Kì í ṣe jìbìtì bíi CBEX tí ó wó mọ́ àwọn ènìyàn wa lórí ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ibi tí ènìyàn ti ń kọ ọ̀rọ̀ ni, tí òǹkàwé ń dìbò fún ohun tí ó bá wù ú, ìbò náà ni ó sì ń pín tókìn tuntun. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà kọ̀wé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tókìn tí ènìyàn tì mọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìbò rẹ̀ ń wúwo tó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 wọ́n yí ìpín padà. Tẹ́lẹ̀, nínú 100 tí ọ̀rọ̀ kan bá pa, 75 ni ti òǹkọ̀wé, 25 ni ti àwọn tí ó dìbò fún un. Wọ́n sọ ọ́ di 50 sí 50. Ẹ wo ẹni tí ó jàǹfààní níbẹ̀: ẹni tí tókìn rẹ̀ pọ̀, tí ìbò rẹ̀ wúwo. Òǹkọ̀wé kékeré lè kùn, ṣùgbọ́n mélòó ni ìbò rẹ̀?

Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀ràn le. Ní oṣù kejì 2020, Justin Sun, ẹni tí ó dá TRON sílẹ̀, ra ilé-iṣẹ́ Steemit. Ilé-iṣẹ́ yìí ní òkìtì tókìn tí ó ti kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn kò ní fi dìbò. Ẹ̀rù ba àwọn tí wọ́n yàn láti máa tọ́jú ètò náà, wọ́n ti òkìtì náà pa. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta, Binance, Huobi àti Poloniex, tí wọ́n jẹ́ ilé ìpààrọ̀ owó, mú tókìn tí àwọn oníbàárà fi sí ìkáwọ́ wọn, wọ́n fi dìbò fún apá Sun, wọ́n sì lé àwọn alábòójútó kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Owó tí ìyá kan dá fún alájọ ni alájọ gbé lọ fi dìbò, kò bi ìyá léèrè! Tókìn tí a bá sì tì mọ́lẹ̀ báyẹn nígbà náà, ọ̀sẹ̀ 13 ni ó ń gbà kí ó tó jáde tán. Nígbà tí ariwo pọ̀, Binance àti Huobi fa ìbò wọn padà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta náà, àwọn tí inú ń bí ya kúrò, wọ́n dá Hive sílẹ̀. Wọ́n fún olúkúlùkù ní iye tí ó ní tẹ́lẹ̀, àyàfi òkìtì Steemit àti àwọn kan tí wọ́n ti Sun lẹ́yìn. Ní oṣù karùn-ún, apá kejì náà gbẹ̀san: òfin tuntun gba tókìn tí ó lé ní mílíọ̀nù 23 lọ́wọ́ àkáǹtì 64 ti àwọn alátakò. Apá méjèèjì ló ní àwùjọ ni òun ń dáàbò bò. N kò rí èyí tí mo lè pè ní aláìlẹ́bi.

Ohun tí ó yẹ kí arákùnrin wa rí nìyẹn. Níbi tí owó bá ti di ìbò, ẹni tí ó bá rí owó kó jọ, ì báà jẹ́ owó ẹlòmíràn, ni yóò máa ṣòfin ìpín. Àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá alájẹṣẹ́kù tiwọn sílẹ̀ ní 1844, mọ èyí. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹnì kan ìbò kan ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa ará Ẹ̀gbá náà kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́ rí. Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta ń san owó orí, wọn kò sì ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń bu owó náà. Ìyẹn wà nínú ohun tí ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó wọn jáde lé lórí láti 1947, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò ní ààfin ní 1949.

Síbẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ní ẹjọ́ tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ pè é ní olójúkòkòrò. Owó rẹ̀ ni a ń yá ẹlòmíràn, ọjà sì ń gbówó lórí bí owó náà ti jókòó. Bí a bá fẹ́ bu èrè kún owó ìfipamọ́, n kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni kí ó jíròrò rẹ̀, ìyá alátẹ ata pẹ̀lú ọ̀gá iléeṣẹ́. Ní Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 6, ìpín ni wọ́n ń jà lé: àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń fojú fò. Àwọn àpósítélì pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí àwọn ará yan ènìyàn méje. Ẹ wo orúkọ àwọn méje náà láti orí Stéfánù: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ó jọ pé láàrin àwọn tí ń kùn ni wọ́n ti mú alábòójútó.

Ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa kò ní pẹ́ mọ́. N óò dìbò pé kí á jókòó sọ̀rọ̀ lórí èrè, n óò sì dìbò tako pé kí owó máa ka ìbò. Ẹni tí kò bá lè wá, kí ó má fi ìwé rẹ̀ rán ẹnikẹ́ni láti dìbò fún un. Kí ó tètè sọ fún akọ̀wé, a óò wá mọ́tò tí yóò gbé e wá.