Èbù Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀bùn

Mo ti rí písítìnì tó yọ́. Orí bẹ́ǹṣì mẹkáníìkì kan ní Apakun nílùú Èkó níhìn-ín ni mo ti rí i, lórí àkísà tó rin gbingbin fún ọ́ìlì. Kò ju agolo mílíìkì lọ. Etí rẹ̀ lápá kan ti jẹ wọnú bí ẹni pé eku ló fi eyín rin ín, ibi tí ríǹgì ń jókòó sí sì ti ṣẹ́ kúrò pátápátá. Mẹkáníìkì náà fi àtàǹpàkò nù ún, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ wò ó. Iná ló jẹ ẹ́ báyìí." Ó tún mú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ fún mi. Púlọ́ọ̀gì tí ara rẹ̀ dá máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́nu. Èyí funfun bí ẹfun, ó sì wú káàkiri bí ara tí omi gbígbóná dà sí.

Ọkọ̀ tí wọ́n yọ nǹkan wọ̀nyí nínú rẹ̀ kò tíì pé oṣù márùn-ún tí wọ́n rà á. Tíà-rọ́bà ni, ọkọ̀ eré láti Jámánì, tọ́bò wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. Ọ̀sẹ̀ kẹta tó gbà á ló ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ìlànà inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kọ, ohun tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní rímáàpù, kí agbára rẹ̀ lè lé sí i. Mo bi í léèrè nígbà náà pé kí ló ṣe agbára tó bá a wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, agbára kù nínú ẹ̀ tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Wọ́n kàn máa ṣí i ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "wọ́n kàn máa ṣí i", ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Mo ń sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: ẹni tó ra ọkọ̀ tọ́bò tuntun nílùú Èkó, tó wá sanwó kí wọ́n fi agbára kún un, ọkọ̀ rẹ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́. Ẹni tó sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tó sọ fún un pé kò séwu, ó rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí tọ́bò jẹ́ ná. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ló gba àṣẹ ìní lórí rẹ̀ ní 1905. Ó rí i pé èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù ṣì lágbára, ó sì fi í yí fáànù kékeré kan. Fáànù yẹn àti ìkejì rẹ̀ wà lórí ọ̀pá kan náà, ìkejì sì ni ó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni epo tó lè jó pẹ̀lú rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, nítorí epo bẹntiróò ìwọ̀n kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bí ìwọ̀n 14.7 kó tó jó tán dáadáa. Ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Ṣùgbọ́n fáànù yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, èéfín tó ń gbá a lójú sì lè gbóná ju 900 lọ lórí òṣùwọ̀n sẹ́líṣíọ̀sì. Ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin ló wà láàárín ọ̀pá náà àti ìparun, ọ́ìlì kan náà tí ayédèrú rẹ̀ kún ọjà wa.

Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ báyìí kò mọ ẹni tí yóò rà á. Ó lè jẹ́ ará Norway tó ń wakọ̀ nínú yìnyín. Ó lè jẹ́ èmi tàbí ìwọ, tí a há sínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ní Oshodi ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà, tí oòrùn ń lu bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ọkọ̀ ò rìn débi tí atẹ́gùn yóò fi fẹ́ sí rédíétọ̀, tí a ò sì mọ ohun tó wà nínú epo tí a rà láàárọ̀. Ó ro gbogbo wa pọ̀, ó fi àyè sílẹ̀. Àyè yẹn ni àwọn oní-rímáàpù ń pè ní agbára tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Wọ́n wá ń tà á fún ọ bí ẹni pé ẹ̀bùn tí ilé-iṣẹ́ gbàgbé láti fún ọ ni. Kì í ṣe ẹ̀bùn, èbù ni. Àlejò tó bá wọ oko, tó rí iṣu tí àgbẹ̀ kó jọ sábẹ́ igi, lè sọ pé iṣu ṣẹ́kù. Iṣu ni lóòótọ́, a sì lè sè é jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí òjò bá dé ni ojú yóò tó já a.

Àpẹẹrẹ kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi tan àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n á ní ẹ wo Toyota GR Supra: ẹ́ńjìnnì onílítà 3 tí BMW ṣe fún un, agbára ẹṣin 335 ló gbé dé Amẹ́ríkà nínú ọkọ̀ ọdún 2020, ó di 382 nínú ti 2021. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, wọ́n á ní, kọ̀ǹpútà lásán ni wọ́n yí. Irọ́ ni. Kí àfikún 47 yẹn tó wọlé, wọ́n pààrọ̀ písítìnì sí èyí tó lè fara da ooru. Wọ́n dín ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kù láti 11 sí 10.2. Wọ́n tún ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde ṣe, láti ojú méjì sí ojú mẹ́fà, kí ooru lè rọrùn láti kúrò. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà fúnra wọn, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí wọ́n ní, kò gbójú lé kọ̀ǹpútà nìkan. Ọmọkùnrin kan tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá, tó ki wáyà bọ abẹ́ sítíárìn, ló wá ń ṣèlérí 60 tàbí 80 fún ọ láàárín wákàtí kan, láìfọwọ́ kan bóòtù kan ṣoṣo.

Epo ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé epo, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Jámánì, tó o bá dé ilé-epo, wàá rí 95, wàá rí 98, àwọn ibì kan tiẹ̀ ń ta 102. Ọ́kítéènì ni òǹkà yẹn: ó ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n kọ síta lókè òkun, epo 98 ni wọ́n sábà ń fi dán an wò. Ilé-epo tiwa ńkọ́? Bẹntiróò kan ṣoṣo ló wà, ẹnu rọ́bà kan náà ni Maruwa, danfo àti ọkọ̀ olówó ńlá ti ń mu. Ẹ sì jẹ́ ká rántí oṣù Èrèlé 2022, nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ jáde sọ pé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n ti wọ ìlú. Ọkọ̀ ti bà jẹ́ káàkiri kí wọ́n tó kéde. Bí epo tí ọ́kítéènì rẹ̀ kéré bá wọ ọkọ̀ tí wọn ò tọwọ́ bọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń nọ́ọ̀kù, yóò fà sẹ́yìn, ọkọ̀ á wúwo lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ẹ ó sì délé. Bí ó bá wọ ọkọ̀ tí wọ́n ti kó àyè yẹn jẹ tán, kò sí ibi tí yóò fà sẹ́yìn sí. Epo á gbiná kí àkókò rẹ̀ tó tó, yóò máa lu orí písítìnì bí òòlù. Ohun tí mo rí lórí bẹ́ǹṣì nìyẹn.

Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ: owó mi ni mo fi rà á. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń sùn ní Apakun kọ́ la bá ọ ná an. Ọ̀nà tó gba ọ̀dọ̀ wa láti Oshodi lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ti fẹ̀ dáadáa báyìí, a sì dúpẹ́. Láago kan òru ọjọ́ Sátidé, ó ti di pápá eré. Àwọn kan tún ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wọn pé kó máa dún gbàù-gbàù tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo. Epo tó yẹ kó jó nínú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń jẹ́ kó jó nínú páìpù èéfín, iná ọ̀hún ló sì ń sun tọ́bò tí wọ́n ń fi yangàn. Ìyá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa dojú bolẹ̀ sórí ẹní lóru ọjọ́ kan, ó gbá ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra, nítorí ìró ìbọn ló gbọ́ létí tirẹ̀. Ìlú tí ìbọn ti ń dún lóòótọ́ kọ́ ni èèyàn ti ń fi irú ìró yẹn ṣeré.

Eré tí òfin gbà lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní Nàìjíríà kò ju 100 kìlómítà ní wákàtí lọ. Irú ọkọ̀ tí à ń sọ yìí lè sá 250 láti ilé-iṣẹ́ wá. Kí la tún fẹ́ fi kún un ṣe? Ọkọ̀ tó ń sá 140 sì ń gbé agbára ìkọlù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èyí tó ń sá 100. Àwọn tó ń fi agbára kún ọkọ̀ wọ̀nyí, mélòó nínú wọn ló pààrọ̀ bíréèkì? Mélòó ló yẹ ọjọ́ orí táyà wò? Ní Jámánì tí wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wa, bí o bá yí agbára ọkọ̀ rẹ padà, ó di dandan kí àwọn ayẹ̀kọ̀wò yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ yẹn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ojú títì mọ́. Èyí tó dùn mọ́ wọn ni wọ́n mú wá sílé, wọ́n fi èyí tó le sílẹ̀ sọ́hùn-ún.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi gbé ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún un, ó ní kí wọ́n fi wáráńtì tún un ṣe. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò, wọ́n rí i pé wọ́n ti tọwọ́ bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Ó pe ẹni tó ṣe rímáàpù. Ẹni yẹn ní epo burúkú ló rà. Epo burúkú! Ṣé kò mọ̀ pé Èkó ló wà nígbà tó ń gbowó ni?

Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ tìrẹ, mo bẹ̀ ọ́, fi ẹ́ńjìnnì yẹn sílẹ̀ bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Owó tí o fẹ́ fún wọn, fi ra ọ́ìlì tó jẹ́ ojúlówó, kí o máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Fi ra táyà àti bíréèkì. Bí o bá dúró lẹ́yìn eré jíjìn, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí díẹ̀ kí o tó pa á, kí tọ́bò lè tutù. Ọkọ̀ yẹn yára ju ohun tí ìwọ, èmi àti ọ̀nà yìí nílò lọ, láti ọjọ́ tó ti kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ti àbúrò ọ̀rẹ́ mi ṣì wà lábẹ́ tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà. Wọ́n ń wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó bá a mu kiri ọjà Ládípọ̀. Títí di àná, wọn ò tíì rí i.