Báàjì kì í sọ ọkọ̀ di Sport

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Corolla yìí. Ṣé Sport gidi ni àbí wọ́n ṣe é ni?"

Kò sí oṣù kan tí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ WhatsApp mi, pẹ̀lú fọ́tò mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀: iwájú ọkọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀, rímù, àti lẹ́tà S tó ń dán lórí búùtù. Tòkunbọ̀ ni. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ rà á ti ń tu owó jọ tipẹ́, ẹni tó fẹ́ tà á sì ti sọ fún un pé "Sport ni, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n ju LE lọ." Nínú fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹyọ kan tó lè dáhùn ìbéèrè náà.

Ìdí ni pé gbogbo nǹkan tó wà nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ló wà lórí igbá ní Ládípọ̀. Bọ́ńpà Sport wà, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ wà, spoiler wà. Báàjì S gan-an kò ju nǹkan tí èèyàn lè lẹ̀ mọ́ búùtù kí omi gbígbóná tó hó lọ. Tí panẹ́ẹ̀lì bítà tó mọṣẹ́ bá tò wọ́n tán, tó kun ọkọ̀ náà, ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Mi ò sì bínú sí panẹ́ẹ̀lì bítà o. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì yẹ ká kí wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ọkọ̀ bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn, tí orúkọ rẹ̀ àti owó rẹ̀ wá yí padà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa rà á.

Lójú tèmi, ìbéèrè náà ló wọ́. Dípò kẹ́ ẹ máa béèrè bóyá ọkọ̀ ní àmì Sport, ẹ béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é yí padà nínú Sport náà. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò, ibi tí ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ayédèrú kì í dé. Nígbà míì ẹ máa rí i pé ilé-iṣẹ́ náà gan-an kò yí nǹkan gidi kan padà.

Ẹ wo Corolla tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2009 sí 2013, torí òun ló kún títì wa. LE wà, S wà, XLE wà, XRS náà sì wà ní 2009 àti 2010. S yìí làwọn èèyàn wa ń pè ní Corolla Sport. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 ló wà nínú LE, agbára ẹṣin 132. Inú S ńkọ́? Lítà 1.8 kan náà, agbára ẹṣin 132 kan náà. Ohun tí Toyota fi kún S ni bọ́ńpà tó rẹlẹ̀ díẹ̀, rọ́bà ẹ̀gbẹ́, síítì tó yàtọ̀, sitiarín tí wọ́n fi awọ wé, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Aṣọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi rọ́bà sọ LE di S ní Mushin, ohun tí Toyota ṣe náà ló kúkú ń ṣe, àfi pé ti Toyota mọ́ jù.

Torí náà, bí Corolla S bá tiẹ̀ jẹ́ òjúlówó láti orí dé ẹsẹ̀, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa gbé owó ńlá lé orí owó LE nítorí rẹ̀. Ẹ fi owó yẹn ra táyà tuntun mẹ́rin.

XRS ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, agbára ẹṣin 158. Rímù 17 ló gbé wá láti ilé-iṣẹ́, díìsìkì sì ni bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí LE ti ń lo dúrọ́ọ̀mù. Kò ṣòro láti mọ̀ ọ́n. VIN ọkọ̀ jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ẹ sì lè kà á láti ìta, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀. Lórí Corolla wọ̀nyí, ẹ ka ẹyọ karùn-ún. Tó bá jẹ́ U, lítà 1.8 ni. Tó bá jẹ́ E, lítà 2.4 ni. Tí báàjì bá wí pé XRS, tí ẹyọ karùn-ún wí pé U, VIN ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Àmọ́ VIN kì í sọ gbogbo nǹkan, ibí yìí sì ni àwọn tó ti gbọ́ pé "ṣáà yẹ VIN ẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì" ti máa ń há. Camry 2007 sí 2009, tí a ń pè ní Muscle, ni àpẹẹrẹ tó dáa jù. SE ni Sport nínú wọn. Tí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ti lítà 2.4, VIN LE àti VIN SE tí wọ́n tò ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1BE46K. Ẹ lè wò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹyọ mẹ́jọ yẹn kò ní sọ ìyàtọ̀ kankan. Ohun tó ń sọ ni ẹ́ńjìnnì: E ni lítà 2.4, K ni V6 lítà 3.5. Ẹni tó bá fẹ́ ta LE tí wọ́n wọ aṣọ SE fún lè fi ẹ̀rín gba yín láàyè láti yẹ VIN wò, torí ó mọ̀ pé kò lè tú àṣírí òun.

Kí ló wá lè tú u? Ohun àkọ́kọ́ ni síítì ẹ̀yìn. Nínú LE, ẹ lè tẹ ẹ̀yìn síítì yẹn sílẹ̀ kí ẹrù gígùn lè ti inú búùtù wọ inú ọkọ̀. Nínú SE, kò ṣeé tẹ̀ sílẹ̀, torí Toyota ti fi irin dábùú ẹ̀yìn síítì náà kí ara ọkọ̀ lè le, kó má máa lọ́ tó bá ń gba kọ́nà. Irin yẹn, pẹ̀lú sípíríìngì àti ṣọ́ọ̀kì tó le ju ti LE lọ, ni Sport inú ọkọ̀ náà. Nǹkan gidi ni, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n lára tẹ́ ẹ bá wà á. Mi ò tíì rí ẹni tó ń ṣe ayédèrú tó rántí irin ẹ̀yìn síítì. Bọ́ńpà ló máa ń rántí.

Ìkejì ni sítíkà táyà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó ilẹ̀kùn náà nísàlẹ̀. Ìwọ̀n táyà tí ọkọ̀ gbé kúrò ní ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀. SE máa ń sọ pé P215/55R17, LE á sọ pé P215/60R16. Ẹ jẹ́ ká kà á. 215 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 55 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 118. 17 ni rímù, ní íǹṣì. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò táyà méjèèjì, látòkè dé ìsàlẹ̀, ti SE á jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 668, ti LE á jẹ́ 664. Mìlímítà mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn! Rímù tóbi, ẹ̀gbẹ́ táyà kéré, àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Àwọn ẹnjiníà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí yíyí táyà ni ọkọ̀ fi ń mọ bí eré rẹ̀ ṣe tó. Ẹni tó bá kàn gbé rímù 19 sí i pẹ̀lú táyà tó rí láti rà, míta rẹ̀ á máa sọ eré tí ọkọ̀ kò sá.

Sítíkà náà ṣeé yọ lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ tẹ́ ẹ bá ojú ibi tí sítíkà wà tẹ́lẹ̀ láìsí sítíkà, tàbí tí ọ̀dà kùn ún lórí, ìyẹn náà ti sọ nǹkan fún yín.

Ká má gbàgbé pé VIN fúnra rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì, èyí tó wà lára ilẹ̀kùn àti èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bára mu. Ọgbọ́n kan sì wà nínú VIN ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí inú mi máa ń dùn sí: ẹyọ kẹsàn-án jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Wọ́n á sọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ipò rẹ̀ (8, 7, 6, 5, 4, 3, 2, 10, 0, 9, 8, 7, 6, 5, 4, 3, 2), wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì fi 11 pín in. Ohun tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kẹsàn-án. Tó bá jẹ́ 10, wọ́n á kọ X. Ẹ fi 1 mẹ́tàdínlógún dán an wò. Àròpọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 89, 11 á wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, á ṣẹ́ku 1. Ó bára mu. Ẹ wá yí 1 tó kẹ́yìn padà sí 2: àròpọ̀ á di 91, á ṣẹ́ku 3, nígbà tí ẹyọ kẹsàn-án ṣì ń wí pé 1. Ẹ̀ṣọ́ ti pariwo. Àwọn ojúlé tó ń ka VIN lọ́fẹ̀ẹ́, bíi ti àjọ NHTSA ìjọba Amẹ́ríkà, máa ń ṣe ìṣirò yìí fún yín. Ti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kò pọn dandan kó tẹ̀lé e.

Àwọn kan rọrùn ju ìyẹn lọ. Honda Civic Si ti 2006 sí 2011 kò ní gíà ọ́tò rárá. Gíà ọlọ́wọ́ onípele mẹ́fà nìkan ni Honda fi sí i, agbára ẹṣin 197, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lè yí dé 8,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó dé ibi pupa lórí míta. Tẹ́ ẹ bá rí báàjì Si lára Civic tí gíà rẹ̀ jẹ́ ọ́tò nínú àwọn ọdún yẹn, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ máa lọ. BMW M gidi, VIN rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WBS. Èyí tó wọ aṣọ M Sport lásán sábà máa ń jẹ́ WBA. Ti Mercedes C63 ọdún 2008 sí 2014, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ẹ́ńjìnnì V8 lítà 6.2 ló yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú pátákó kékeré tí ẹni tó tò ó fọwọ́ sí. C300 àwọn ọdún yẹn tó kọ AMG sára, V6 ni yóò bá yín níbẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Kí ló kàn yín? Tó bá ti wuyì, ó ti tó." Tó bá jẹ́ wíwuyì nìkan, mo gbà. Ara spoiler kò pa ẹnikẹ́ni lára. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ ń pọ̀ sí i bí eré lọ́nà eré ni, torí náà ohun tí spoiler ń ṣe ní kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ohun tó ń ṣe ní 120. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni sípíríìngì. Kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀ bíi Sport, àwọn kan máa ń gé e. Sípíríìngì tí ìyípo rẹ̀ dín kù máa ń le sí i lóòótọ́, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Àmọ́ àyè tó fi ń lọ sókè sódò ti kúrú, ṣọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti irú líle bẹ́ẹ̀, ó sì lè yọ kúrò ní ibi tó jókòó sí tí ọkọ̀ bá fò nínú kòtò. Ẹni tó ra irú rẹ̀ láìmọ̀ á wà á bí ọkọ̀ eré, torí ohun tí wọ́n sọ fún un nìyẹn. Tó bá sì sáré láti 80 dé 120 ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, agbára tí bíréèkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa ti di ìlọ́po méjì àti ìdá mẹ́rin, pẹ̀lú bíréèkì LE rẹ̀ kan náà.

Nítorí náà, mo sàn fún ẹni tó bá sọ ní gbangba pé, "LE ni, mo fi bọ́dì Sport sí i, sípíríìngì rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́." Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n lọ ra ọkọ̀, ní owó LE, lẹ́yìn tí mekáníìkì tí kì í ṣe tiẹ̀ bá ti wo abẹ́ rẹ̀.