Fíìmù Nìkan Kì í Gba Igbó Là

Láàrin àwọn tó ń jà fún igbó, omi àti ẹranko, ìgbàgbọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sáábà bi léèrè ọ̀rọ̀: pé bí aráyé bá ti fojú ara wọn rí ìbàjẹ́ nínú fíìmù, òpin ti dé bá ìbàjẹ́ náà. Ìgbàgbọ́ yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi, ìyẹn fíìmù tí kì í ṣe eré òṣèré, tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n gbé kámẹ́rà lọ bá ọ̀ràn níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń tọrọ owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń gba àmì-ẹ̀yẹ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹni tó bá ní ìròyìn kò tó àfojúbà lè rò pé òun ti gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ òótọ́ ni òwe yẹn ń sọ. Kò ṣèlérí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò dìde.

Ìgbàgbọ́ náà ṣeé dán wò. Kò gbà ju pé kí ènìyàn to ọjọ́ àti oṣù sílẹ̀, kí ó wo èwo ló ṣíwájú: ṣé ìpinnu tó dá ìbàjẹ́ dúró ni, àbí fíìmù tí wọ́n ní ó fà á.

Virunga ni àpẹẹrẹ tí wọ́n ń tọ́ka sí jù. Igbó ìjọba ni, ní ìlà-oòrùn Kóńgò Kinshasa, níbi tí ìnàkí orí òkè ń gbé, tí UNESCO sì ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 1979. Ní 2014, Orlando von Einsiedel ya fíìmù kan tó fi orúkọ igbó náà pè. Ó fi àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó hàn, ó fi ogun àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 hàn, ó sì fi kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ ká ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ fún SOCO International, ilé-iṣẹ́ epo láti London, lẹ́nu. Fíìmù náà dára, ìgboyà àwọn tó yà á kò sì ṣeé jiyàn. Ìtàn tó ń lọ káàkiri ni pé ayé wò ó, ayé bínú, SOCO sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 2014 ni SOCO àti WWF, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, kéde àdéhùn pé ilé-iṣẹ́ náà yóò dáwọ́ dúró, nígbà tó jẹ́ pé oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Netflix ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fíìmù náà síta fún gbogbo ayé. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn tó ń lọ sí àjọ̀dún fíìmù ló sábà ń rí i, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹrin ní New York. Ohun tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ni ẹ̀sùn tí WWF fi kan SOCO ní oṣù Kẹwàá 2013, lábẹ́ ìlànà tí OECD, àjọ ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè kan, gbé kalẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, níwájú ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. UNESCO náà ti ń tẹnu mọ́ ọn pé wíwa epo kò bá ipò igbó náà mu. Ìwé ẹ̀sùn kò ní orin, kò sì sí ẹni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá kà á. Àmọ́ àwọn agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ní láti fèsì sí i.

Àdéhùn yẹn pàápàá kò ti ilẹ̀kùn pa. Ní oṣù Keje 2022, ìjọba Kóńgò gbé àwọn ilẹ̀ epo síta fún gbàǹjo, díẹ̀ lára wọn sì wọ inú Virunga. Ọdún mẹ́jọ ni fíìmù náà ti wà níta nígbà yẹn.

Ọ̀ràn Taiji tún le ju èyí lọ. Ìlú apẹja kékeré ni Taiji, ní ẹkùn Wakayama ní Jàpáánù. Àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń lu irin nínú omi títí ariwo rẹ̀ yóò fi da orí dọ́fíìnì rú, tí wọn yóò sì sá wọ kọ̀rọ̀ omi kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa èyí tí wọn yóò tà láàyè fún àwọn ọgbà ẹranko, tí wọ́n sì ń pa nínú ìyókù. Louie Psihoyos àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi kámẹ́rà pamọ́ sínú òkúta àtọwọ́dá, wọ́n sì gbé *The Cove* jáde ní 2009. Ric O'Barry, ẹni tó ti kọ́ àwọn dọ́fíìnì inú eré tẹlifíṣọ̀n *Flipper* níṣẹ́ rí, ni aṣíwájú inú rẹ̀. Fíìmù náà gba Oscar ní 2010. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ àwọn apẹja tún wọ omi, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún láti ìgbà náà. Nígbà tí fíìmù náà fẹ́ wọ sinimá ní Jàpáánù, àwọn alátakò halẹ̀ mọ́ àwọn tó ni ilé sinimá, àwọn mìíràn sì yọwọ́. Ohun tó jẹ́ òwò ìlú kékeré kan di ọ̀ràn iyì orílẹ̀-èdè. Ojú tí ayé fi wò wọ́n kò dójú ti àwọn apẹja; ṣe ni ó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò jẹ ẹran dọ́fíìnì rí gbè sẹ́yìn wọn.

Ohun kan yí padà ní Taiji lóòótọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2015, ẹgbẹ́ àwọn ọgbà ẹranko Jàpáánù dìbò pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò ní ra dọ́fíìnì láti ibẹ̀ mọ́. Àánú kọ́ ló ṣe é. Àjọ àgbáyé tí àwọn ọgbà ẹranko ń dara pọ̀ mọ́ ti dá ẹgbẹ́ náà dúró ní oṣù tó ṣáájú, ẹni tí wọ́n bá sì lé jáde nínú àjọ náà kò ní rọrùn fún un láti bá àwọn ọgbà òkèèrè ṣe pàṣípààrọ̀ ẹranko fún bíbímọ. Àjọ náà fúnra rẹ̀ kò dédé jí: ẹgbẹ́ kan láti Ọsirélíà ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Switzerland nítorí ọ̀rọ̀ Taiji. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àbùùbùtán tó wà ní Taiji yọ orúkọ tirẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ ti Jàpáánù, ó sì ń bá òwò rẹ̀ lọ.

Àwọn tó gba fíìmù gbọ́ ní èsì tó lágbára kan, *Blackfish* sì ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Gabriela Cowperthwaite yà á, wọ́n sì kọ́kọ́ fi í hàn ní oṣù Kìíní 2013. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, CNN gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó sọ ìtàn Tilikum, ẹranko inú òkun tí wọ́n ń pè ní orca, tí wọ́n mú ní etíkun Iceland ní 1983, tó sì pa ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ẹranko ní ọgbà eré ẹranko omi SeaWorld ti Orlando ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2010. Lẹ́yìn fíìmù náà, orúkọ SeaWorld bàjẹ́, iye ìpín ìdókòwò rẹ̀ já wálẹ̀, ní oṣù Kẹta 2016 sì ni ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun kò ní mú orca bímọ mọ́. Bí fíìmù kan bá ṣiṣẹ́ rí, èyí ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà láàárín 2010 àti 2016. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ikú olùkọ́ yẹn, nígbà tí kò tíì sí *Blackfish*, OSHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò níbi iṣẹ́, ti fi ẹ̀sùn kan SeaWorld. Ilé-iṣẹ́ náà pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù Kẹrin 2014 ilé ẹjọ́ fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀, bí eré tí olùkọ́ ti ń wọ omi pẹ̀lú orca ṣe di ohun àná nìyẹn. Lẹ́yìn náà, SeaWorld fẹ́ kọ́ adágún tó tóbi jù ní San Diego. Etíkun ni ọgbà náà wà, nítorí náà ó ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso etíkun California. Ní oṣù Kẹwàá 2015, ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí i, ó sì so òfin mọ́ ọn: ẹ lè kọ́ adágún, ẹ kò gbọdọ̀ mú orca bímọ nínú rẹ̀. SeaWorld gbé ìgbìmọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ìkéde oṣù Kẹta 2016 jáde. Fíìmù ló kó èrò tó kún gbọ̀ngàn ìpàdé ìgbìmọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá sẹ́ èyí ń ṣàríyànjiyàn lásán. Àmọ́ ká ní SeaWorld kò nílò ìwé àṣẹ ni, èrò náà ìbá kàn pariwo fún ara wọn ni. Tilikum sì kú nínú adágún ní oṣù Kìíní 2017, ní Orlando kan náà. Àwọn orca tó kù kò rí òkun.

Ẹ̀ka kan ṣì wà nínú ìgbàgbọ́ náà: pé bí àwọn aláṣẹ kò bá tilẹ̀ yí padà, olùwòran yóò yí ìwà tirẹ̀ padà nílé. Ọ̀rọ̀ lórí èyí kò gùn. Nígbà tí BBC fi *Blue Planet II*, fíìmù rẹ̀ nípa òkun, hàn ní 2017, gbogbo ènìyàn ní ó ti yí bí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lo ike padà. Ní 2020, àwọn olùwádìí mẹ́ta tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde: wọ́n fi fíìmù náà han àwọn kan, wọn kò fi í han àwọn mìíràn, wọ́n sì wo ohun tí olúkúlùkù yàn nígbà tí ohun oníke àti èyí tí kì í ṣe ike wà níwájú rẹ̀. Ìmọ̀ àwọn tó wò ó pọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n yàn kò yàtọ̀. Owó tí òfin ní kí ilé ìtajà ńlá máa gbà lórí àpò ọ̀rá ní England ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá 2015, ọdún méjì kí fíìmù náà tó dé.

Nàìjíríà ti san owó ìgbàgbọ́ yìí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ní 1994, Channel 4 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi *The Drilling Fields* hàn, fíìmù nípa ohun tí epo rọ̀bì ṣe sí ilẹ̀ Ogoni. Ìtẹ̀léǹtẹ̀lé ọ̀rọ̀ tún ṣe pàtàkì níbí: Shell ti kúrò lẹ́nu wíwa epo ní Ogoni láti 1993, ọdún tí àwọn ará Ogoni jáde lọ́pọ̀ yanturu ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní lábẹ́ MOSOP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú ló ṣe ìyẹn. Fíìmù dé, ayé wò ó, ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1995 sì ni ìjọba ológun Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, aṣíwájú MOSOP, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní Port Harcourt. Ojú ayé tó wà lára wọn kò dá okùn dúró. Nígbà tí UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń bójú tó àyíká, yẹ ilẹ̀ Ogoni wò, tó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2011, ó ní ìtúnṣe rẹ̀ lè gba ọdún 25 sí 30.

Àwọn Ìlàjẹ ní etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ní ìtàn tiwọn. Ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ wọ orí pèpéle epo Parabe tí Chevron ń lò, wọ́n ń béèrè iṣẹ́ àti àtúnṣe sí omi tí iyọ̀ òkun ti bàjẹ́. Ọkọ̀ òfúrufú tí Chevron háyà ló gbé àwọn sójà àti ọlọ́pàá wá. Ènìyàn méjì kú. Lọ́dún kan náà, Amy Goodman àti Jeremy Scahill ṣe ètò orí rédíò kan nípa rẹ̀ tó gba àmì-ẹ̀yẹ George Polk. Rédíò ni, kì í ṣe fíìmù, àmọ́ ìgbàgbọ́ kan náà ló gbé e. Àwọn Ìlàjẹ pe Chevron lẹ́jọ́ ní San Francisco. Ní oṣù Kejìlá 2008, àwọn ará ìlú tó jókòó dá ẹjọ́ náà ní Chevron kò jẹ̀bi.

Níbo wá ni fíìmù ti wúlò? Ibi tí ẹni tó ń wò ó bá ti ní ìbò tàbí àṣẹ lọ́wọ́ lórí ọ̀ràn náà gan-an ni. Josh Fox gbé *Gasland* jáde ní 2010, nípa fífi omi àti kẹ́míkà fọ́ òkúta abẹ́ ilẹ̀ láti mú gáàsì jáde. Ní 2015, Ion Bogdan Vasi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwádìí hàn pé àwọn ìlú tí wọ́n ti fi fíìmù náà han àwọn ará àdúgbò ni ìjàǹgbara ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni ó ti ṣeé ṣe jù kí ìgbìmọ̀ ìlú dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Ní ìpínlẹ̀ New York, Helen àti David Slottje, agbẹjọ́rò méjì, ti ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń kọ́ ìgbìmọ̀ pé òfin ìlò ilẹ̀ fún wọn lágbára láti kọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà fara mọ́ ọn nínú ẹjọ́ ìlú Dryden àti Middlefield. Kí ọdún tó parí, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé òun yóò fòfin de iṣẹ́ náà pátápátá. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania pààlà pẹ̀lú New York. Ibẹ̀ ni Dimock wà, ìlú tí fíìmù náà fi omi kànga rẹ̀ hàn gbogbo ayé. Fíìmù kan náà ni àwọn ará ìpínlẹ̀ méjèèjì wò. Pennsylvania ṣì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń mú gáàsì jáde jù ní Amẹ́ríkà.

Èyí dáhùn àwọn tó ń béèrè pé bí kò bá sí fíìmù, ta ni ìbá mọ̀. Nínú gbogbo ọ̀ràn tí wọ́n kà sílẹ̀ yìí, àwọn tó mọ̀ ti wà níbẹ̀ kí kámẹ́rà tó dé, púpọ̀ nínú wọn sì ti gbé ìgbésẹ̀. Ìmọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá. Owó agbẹjọ́rò ni, àti ẹni tí yóò wọn omi, tí yóò mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì kí gbèdéke tó pé. Owó tí fíìmù kan ń gbà láti rìnrìn àjò àjọ̀dún kiri yóò ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bodo, tí òun náà wà ní ilẹ̀ Ogoni, fi irú àwòrán tó ń ṣiṣẹ́ hàn. Ní 2008, páìpù Shell bẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Shell kọ ọ́ sínú ìwé pé àgbá epo 1,640 péré ló dà nígbà àkọ́kọ́. Àwòrán fídíò wà tó fi epo hàn bó ṣe ń tú jáde lẹ́nu páìpù. Amnesty International gbé e fún Accufacts, ilé-iṣẹ́ onímọ̀ nípa páìpù ní Amẹ́ríkà, àwọn náà sì fi ṣírò bí epo ṣe ń yára jáde: láàárín àgbá 1,440 àti 4,320 lójúmọ́. Amnesty tẹ ìṣirò náà jáde ní 2012, nígbà tí ẹjọ́ àwọn ará Bodo ti wà ní London. Ní oṣù Kọkànlá 2014, Shell gbà pé iye tí òun kọ sílẹ̀ kéré sí òtítọ́. Ní oṣù Kìíní 2015, ó gbà láti san £55 mílíọ̀nù, £35 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ fún àwọn ènìyàn 15,600, ìyókù fún ìlú. Fídíò náà kò nílò ilé sinimá kankan.