Ti Ọrùn Rẹ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Bí àkókò ìbò bá ti ń súnmọ́, àlejò a máa pọ̀ ní Olódò. Àwọn tí a kò rí láti ọdún mẹ́ta a gba ọ̀nà Ìwó wá, tàwọn ti gbohùngbohùn, àǹkárá àti ìrẹsì. Wọn a ní àwọn yóò tún ọ̀nà ṣe, àwọn yóò fa omi, àwọn yóò kọ́ ilé ìwòsàn. A ó pàtẹ́wọ́, a ó jó, wọn a sì lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Báwo ni a ó ṣe wo ọrùn ẹni tí ń tọrọ ìbò, kí a lè mọ ẹni tí ojú rẹ̀ ń ríran jìnnà?

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ní 1952, Ọ̀gbẹ́ni S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn. Kò sọ pé “láìpẹ́”. Ó dá ìgbà: 1955. Láàárín ọdún wọ̀nyí, wọ́n kọ́ ilé ìwé, wọ́n sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tó 457,000 ní 1954 lé ní 811,000 lọ́dún yẹn.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ tí ẹnì kan kò san. Ìjọba náà sọ fún ará ìlú pé owó orí yóò pọ̀ sí i. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954. Síbẹ̀ wọn kò fi ètò náà sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní àléébù; ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà tán.

Ní 1957, ìjọba Ìlà-Oòrùn náà dáwọ́ lé irú ètò kan náà, ṣùgbọ́n ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀ kò tó. Ní 1958, wọ́n ní kí àwọn òbí kan tún máa san owó ilé ìwé. Àwọn ìyá tú síta, wọ́n fárígá. Ìlérí kan náà ni; ètò ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní òun yóò kọ́ ilé ìwòsàn fún wa, ẹ bi í: Ǹjẹ́ iṣẹ́ ipò tí ẹ ń wá ni? Nọ́ọ̀sì mélòó ni yóò wà níbẹ̀, ta ni yóò sì máa san owó oṣù wọn? Níbo ni owó náà yóò ti wá? Kí ni a ó fi ojú rí lọ́dún kìíní? Kí ni ẹ ti ṣe ní ipò tí ẹ ti wà rí?

N kò ní kí a sọ mọ́ṣáláṣí di pápá ìpolongo o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin obìnrin ní ẹgbẹ́ ọjà, ẹ ní ẹgbẹ́ àdúgbò. Ẹ jókòó, ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, ẹ yan ẹni tí yóò bèèrè. Ẹ kọ ìdáhùn àti ọjọ́ tí a sọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi í pamọ́. Bí ẹni náà bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ìwé yẹn ni kí ẹ fi pàdé rẹ̀.

Nígbà ìbò Èkìtì ní 2018, “dìbò kóo sebẹ̀” gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọbẹ̀ náà. Bí ẹnì kan bá gba 5,000 náírà, tí a pín in sí ọjọ́ inú ọdún mẹ́rin, kò tó náírà mẹ́rin lóòjọ́. Èwo ni yóò rà nínú ata, iyọ̀ àti epo? Ẹni tí ó sì ti ra ìbò kò jẹ wá ní ìdáhùn kankan mọ́. Ó ti sanwó.

Ọ̀rọ̀ kan kù, tiwa sì ni. Ẹni tí ó ní ojú iwájú yóò sọ ohun tí kò dùn fún wa: pé ọ̀nà yìí yóò gba ọdún méjì, pé ti àdúgbò kejì ni yóò kọ́kọ́ ṣe, pé a ó dá owó díẹ̀. Bí a bá ń hó lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí, tí a ń gbé onírọ́ lé èjìká, àwa ni a ń kọ́ àwọn olóṣèlú ní irọ́ pípa. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó sọ iye tí nǹkan yóò ná wa kí ó tó gba ìbò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

Kí Ọlọ́run fi olórí rere jíǹkí wa.