Kí Ẹ Tó Ra Lẹ́ǹsì Míì, Ẹ Wo Holder Tí Ẹ Ní

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Látìgbà tí mo ti ń gbé fọ́tò tí mò ń yà fún iṣẹ́ PhD mi síbí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: lẹ́ǹsì wo ni, kámẹ́rà wo ni, èló ni. Kò sẹ́ni tó ń béèrè holder. Bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, holder ló ń ba fọ́tò jẹ́ ju lẹ́ǹsì lọ.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: kámẹ́rà ńlá kì í lo fíìmù tí wọ́n ká sínú róòlù. Abala kọ̀ọ̀kan ni fíìmù tèmi, ínǹṣì 4 sí 5. Inú holder la máa ń ki abala méjì sí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, nínú òkùnkùn biribiri. Awo tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní dark slide ló bo ojú fíìmù. Ó di ìgbà tí holder bá ti wọ ẹ̀yìn kámẹ́rà kí a tó fà á yọ. Ẹnu ibi tó ń gbà jáde, àrán dúdú ni wọ́n fi dí i kí ìmọ́lẹ̀ má baà yọ́ wọlé. Tí àrán yẹn bá ti jẹ, ó parí nìyẹn.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo? Stone Mountain ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta, àwọn àgbà Yorùbá àdúgbò yìí ni mò ń yà. Ẹ mọ òkè náà. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti tún Ku Klux Klan dá sílẹ̀ ní 1915. Ara rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ Jefferson Davis, Robert E. Lee àti Stonewall Jackson sí, 1972 ni wọ́n parí rẹ̀. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní iwájú àpáta yẹn gan-an lòun fẹ́ dúró, pẹ̀lú agbádá àti fìlà. Ó ní kí àwọn tó wà lórí ẹṣin lókè yẹn máa wo òun. Ẹ jọ̀ọ́, tí ìmọ́lẹ̀ bá jò sórí fíìmù yẹn, ta ló fẹ́ lọ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n tún wọ agbádá, kí wọ́n tún wá dúró nínú oòrùn Georgia?

Mo máa ń ronú nípa Seydou Keïta ní Bamako. Ní 1948 ló ṣí ilé fọ́tò rẹ̀, kámẹ́rà 13 sí 18 sẹ̀ǹtímítà ló sì ń lò. Fíìmù wọ́n, nítorí náà ẹyọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń yà fún oníbàárà. Ẹni tó ń ya ẹyọ kan kò lè fi holder ṣeré.

Ó dáa, ká wá sọ ti rírà. Èmi ò fara mọ́ àwọn holder onígi àtijọ́ tí ẹ̀ ń rà nítorí ẹwà. Ọ̀rẹ́ mi kan ra mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó tà á sì búra pé òun ti dán gbogbo rẹ̀ wò. Mẹ́rin ló ṣeé lò níbẹ̀. Òmíràn nínú wọn, ti gíláàsì ni látilẹ̀wá: tí ẹ ò bá wá abẹ́ irin tó ń gbé fíìmù ró sí i, fíìmù kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ nínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún 9 sí 12 náà o. Lóde, ó jọ 4 sí 5 bí ìbejì, ṣùgbọ́n fíìmù yín kò ní wọ inú rẹ̀. Ẹ ra oníke: Fidelity, Lisco, Riteway, Toyo. Mẹ́fà tó dáa tó. Abala méjìlá nìyẹn, ta ló ń ya jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan? Jíjìn ibi tí fíìmù sùn lé gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bí 5 mm láti ojú holder. Tó bá yàtọ̀, ohun tí ẹ rí lójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà kọ́ lẹ máa rí lórí fíìmù, lẹ́ǹsì aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lẹ máa wá dá lẹ́bi.

Bó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ má fi fíìmù ṣe é, ó wọ́n. Ẹ ki pépà fọ́tò sí i nínú òkùnkùn, ẹ gbé e sínú oòrùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ máa yí i, lẹ́yìn náà kí ẹ fọ pépà náà. Ibi tó bá dúdú, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ wo tépù tó so ìdérí ìsàlẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú, òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya. Ìyẹn ṣeé pààrọ̀.

Ẹ fún holder kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ fi fáìlì kékeré gé etí ìdérí yẹn díẹ̀: ẹyọ kan fún àkọ́kọ́, méjì fún èkejì. Àmì náà á hàn létí fíìmù lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ ó sì mọ ọ̀daràn láìbéèrè lọ́wọ́ babaláwo.

Eruku ńkọ́? Hóró kan ṣoṣo lórí fíìmù, àmì dúdú ló máa dà lójú Bàbá tí a bá tẹ fọ́tò náà. Ẹni tó bá ń gbé Atlanta lóṣù kẹta sí ìkẹrin mọ lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò tí igi páìnì ń dà sórí mọ́tò. Inú holder náà ló ń lọ. Lásìkò òtútù ńkọ́, heater á gbẹ inú ilé, fíìmù á máa fa eruku mọ́ra bí kóòmù ṣe ń fa pépà. Kí n tó kó fíìmù sí i, mo máa ń fa dark slide yọ pátápátá, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá inú rẹ̀, kí n fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á. Àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ inú agolo fẹ́ ẹ, inú àrán ni wọ́n ń lé eruku lọ. Lẹ́yìn náà, kálukú sínú ọ̀rá tirẹ̀ tó ní ìdè, kì í sì í ṣe inú bùùtù mọ́tò lóṣù kẹjọ o, dark slide á ká kò.

Ẹ rántí: ojú funfun síta, a ò tíì yà á, ojú dúdú síta, a ti yà á. Àwọn kókó kéékèèké tó wà létí ojú funfun, kí ìka lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀.

Ẹni tó bá ní Toyo tí kò lò mọ́, tó sì wà nítòsí DeKalb, kó kọ̀wé sí mi. Màá mú pépà fọ́tò dání wá.