Ìkìlọ̀ fún Òbí àti Kóòṣì: Ẹ Má Fi Ọmọ Sílẹ̀ Nítorí Ìlérí Ìràpadà

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin kóòṣì tó ń kọ́ ọmọ lórí pápá ilé-ìwé, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí éjẹ́ǹtì ń pè láàárọ̀ lálẹ́, ẹ dúró ná. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àdéhùn wá, tó ní ìràpadà wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pè ní bai-báàkì, tó sì ní torí bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ẹ máa pàdánù, irọ́ ló ń pa. Ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ ní kó fi ẹ̀dà kan sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìràpadà fúnra rẹ̀ kò le yé. Kíláàbù kan ta agbábọ́ọ̀lù fún kíláàbù kejì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun lè rà á padà ní iye báyìí, láàárín ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Bí àkókò náà bá tó, tí ẹni tó tà á kó owó kalẹ̀, ẹni tó rà á kò lè sọ pé òun ò tà mọ́, kò sì lè bu owó lé e.

Ẹ wo Álvaro Morata. Lọ́dún 2014, Real Madrid tà á fún Juventus ní Ítálì ní mílíọ̀nù 20 yúrò, wọ́n sì fi ìràpadà sí i. Ọmọ náà débẹ̀, ó gbóná. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Champions League lọ́dún 2015, Morata gbá góòlù wọlé Real ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ó tún gbá a wọlé ní ìkejì, Real sì jáde. Síbẹ̀, lọ́dún 2016, Real kó mílíọ̀nù 30 yúrò wá, Juventus ò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Real tà á fún Chelsea ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn. Dani Carvajal náà, Bayer Leverkusen ní Jámánì ni wọ́n tà á fún lọ́dún 2012, wọ́n gbà á padà lọ́dún 2013, ó sì ti bá wọn gba ife Champions League mẹ́fà.

Irú ìtàn báyìí máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Ohun tí kò ní sọ ni pé Real ní mílíọ̀nù 30 nílé. Kóòṣì tó ń kó bọ́ọ̀lù mẹ́rin sínú àpò ìrẹsì lọ sí pápá ní Agége, níbo ló ti fẹ́ rí i? Kíláàbù ńlá mọ̀ pé kò sí ọjọ́ tí akádẹ́mì kékeré máa rí owó ra ọmọ padà, torí náà kò nira fún un láti kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá gba ìràpadà dípò ìpín nínú owó tí wọ́n máa ta ọmọ náà lọ́jọ́ iwájú, ẹ ti gba ọwọ́ òfìfo.

Ìpín yẹn gan-an ni kí ẹ dúró lé lórí. Nígbà tí Queens Park Rangers (QPR) fi Raheem Sterling sílẹ̀ fún Liverpool lọ́dún 2010, ọmọ ọdún 15 ni. Wọ́n kọ ọ́ pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ tiwọn bí Liverpool bá tà á. Lọ́dún 2015, Manchester City san mílíọ̀nù 49 pọ́n-ùn, QPR sì gba bíi mílíọ̀nù 9 láìná kọ́bọ̀. Liverpool náà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, nígbà tí wọ́n tà á fún Union Berlin lọ́dún 2021. Wọ́n di ìdá 10 mú, wọ́n sì jẹ nínú rẹ̀ nígbà tí Nottingham Forest rà á lọ́dún kejì. Bí ẹni tó lówó tó Liverpool ò bá fi ìpín rẹ̀ sílẹ̀, kí ló dé tí akádẹ́mì yín fi máa fi tiẹ̀ sílẹ̀?

Ẹ tún mọ̀ pé ìràpadà kò di dandan fún ẹnikẹ́ni. Chelsea ta Nathan Aké fún Bournemouth lọ́dún 2017, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti gbà á padà. Wọn ò lò ó. Manchester City ló wá rà á lọ́dún 2020. Nítorí náà, ìyá tí wọ́n bá sọ fún pé "wọ́n máa rà á padà dandan, ẹ lọ yáwó fisa" gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò sí ìwé kankan tó ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Kíláàbù sí kíláàbù ni àdéhùn yìí. Bàbá ọmọ kò lè ní in, éjẹ́ǹtì kò lè ní in, ọ̀gá tó ra bàtà fún ọmọ náà kò lè ní in. Mo ti rí ìwé kan báyìí rí: ojú ewé méjì péré, kò sí iye, kò sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ tàbí ọjọ́ tó parí. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní olùdókòwò kọ ọ́ pé òun ní ìdá 40 nínú ọmọ náà, òun sì lè "rà á padà" nígbàkúùgbà. Ìyá ọmọ náà ti tẹ àtàǹpàkò sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni FIFA ti fòfin de irú ẹ̀ pátápátá. Ẹni ìta kankan kò gbọ́dọ̀ ní ìpín nínú owó tí wọ́n máa ta agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ ènìyàn kì í ṣe oko kòkó tí wọ́n fi dógò.

Ẹ̀tàn tó tún burú jù ni ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin FIFA kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú ọmọ ọdún 16 láti Nàìjíríà lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàbù Tọ́kì tàbí Yúróòpù torí bọ́ọ̀lù. Awoniyi ti pé ọdún 18 ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Liverpool tó gbà á lọ́dún 2015. Victor Osimhen pé ọdún 18 ní ìparí oṣù kejìlá ọdún 2016, Wolfsburg sì gbà á ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, ẹ lé e jáde.

Owó tó yẹ kí kóòṣì máa ronú sí wà níbòmíràn. Ká ní kíláàbù kan ní Bẹ́ljíọ̀mù ta ọmọ tí ẹ kọ́ fún kíláàbù Jámánì ní mílíọ̀nù 10 yúrò. FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn kíláàbù tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23: ìdá 0.25 fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15, ìdá 0.5 fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 sókè. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọ láti 12 títí tó fi parí ọdún 18, ìdá 2.5 ni tiyín, ìyẹn 250,000 yúrò. Bí wọ́n bá tún tà á lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ tún máa gbà. Ṣùgbọ́n kíláàbù tó wà lábẹ́ NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, tó forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọọdún, ló lè gba owó yìí. Akádẹ́mì tí kò forúkọ sílẹ̀ ò ní í rí kọ́bọ̀, bó ti wù kó ṣe làálàá tó. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ìwọ agbábọ́ọ̀lù tó ti pé ọdún 18, tí kíláàbù gidi sì fẹ́ rà pẹ̀lú ìràpadà nínú ìwé, kò burú, ṣùgbọ́n béèrè iye rẹ̀, ọjọ́ tó ṣí àti ọjọ́ tó pa. Béèrè owó oṣù tí wọ́n máa san fún ọ bí wọ́n bá dá ọ padà. Kò sí kíláàbù tó lè mú ọ padà láìjẹ́ pé ìwọ náà fọwọ́ sí àdéhùn tuntun pẹ̀lú wọn. Wo orúkọ éjẹ́ǹtì rẹ lórí ìtàkùn FIFA. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, ẹni tí kò ní ìwé-àṣẹ FIFA kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ní ọjà àtirà agbábọ́ọ̀lù fẹ́ tì lálẹ́ òní, fi ìwé náà ránṣẹ́ sí lọ́yà lórí WhatsApp, kó kà á kí o tó mú bírò.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti fọwọ́ sí ohun tí kò yé yín, ẹ má jókòó sílé. Ẹ kó ìwé náà, rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ san àti àwọn ọ̀rọ̀ orí fóònù lọ sọ́dọ̀ lọ́yà àti NFF. Ilé-ẹjọ́ bọ́ọ̀lù ti FIFA kì í gbọ́ ẹjọ́ tó bá ti lé ní ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.